Iná ara ẹja, eṣúṣú àti àwọn kòkòrò inú pọ́ńdù: ẹ jẹ́ ká da ọgbọ́n pọ̀

Ọmọ Ìjùmú (Ìyàrà)

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó oúnjẹ ẹja.

Pọ́ńdù ilẹ̀ kan ni mo ní lẹ́yìn ilé wa, a ò fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹja àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ń sún mọ́ títà. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ tí odò ìsàlẹ̀ ilé wa kún, omi odò ya wọ pọ́ńdù láti ibi tí koríko ti pọ̀. Láti ìgbà náà ni ara àwọn ẹja yìí ò ti balẹ̀ mọ́. Wọ́n á ṣàdédé ta sókè, wọ́n á fi ìhà ha òpó igi tó wà nínú omi, oúnjẹ tí wọ́n máa ń jẹ tán lójú ẹsẹ̀ sì wá ń léfòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Mo fi àwọ̀n gbé ọ̀kan jáde, mo gbé e sínú báfù funfun. Ní ìdí lẹbẹ rẹ̀ ni mo ti rí ohun pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná ọmọ ìka mi. Àwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú ni, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé awọ ẹja ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Ojú dúdú méjì tín-tìn-tín wà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ fi ìka nù ún kúrò ló bá rìn, ó yọ́ lọ sábẹ́ ikùn ẹja. Lẹ́yìn èyí ni mo wá ń rí wọn lára ẹja yòókù.

Kí ni nǹkan yìí? Báwo la ṣe ń pa á tí ẹja ò ní bá a lọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá tún mọ̀ nípa kòkòrò mìíràn tó ń yọ pọ́ńdù lẹ́nu lágbègbè Kogi wa yìí, kó sọ ọ́ síbí. Ìmọ̀ràn tí mò ń rí káàkiri, àwọn tó ní iná mọ̀nàmọ́ná tọ̀sán-tòru ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ìsánlú)

Ọmọ mi, ẹ kú ìdààmú. Iná ẹja nìyẹn. Gẹ́gẹ́ bí iná ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ lórí èèyàn ló ṣe ń mu ti ẹja. Inú odò ló ti wá, ara ẹja odò ló gùn wọlé.

Ẹ má tíì ra oògùn kankan. Ẹ fi àwọ̀n gbé ẹja bíi mẹ́wàá jáde láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbé wọn sínú báfù tó ní omi pọ́ńdù yẹn kan náà, kí ẹ wá yẹ̀ wọ́n wò níbi tí oòrùn mọ́lẹ̀ sí. Ibi tó máa ń sá pamọ́ sí ni ìdí lẹbẹ, abẹ́ ọ̀fun, ẹ̀gbẹ́ irùngbọ̀n àti ẹ̀yìn orí. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì lára ẹja díẹ̀, ọwọ́ lásán á ká a. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹja tí ẹ gbé ló ní tó márùn-ún, mẹ́fà, tí ibi tó ti mu ún sì ti ń pọ́n, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo pọ́ńdù nìyẹn.

Ẹ dín oúnjẹ kù ná. Èyí tí wọn ò jẹ yẹn, inú omi ló ń rà sí, ìyẹn á tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Omi (Kábà)

Ẹ ṣeun, Ìyá. Iṣẹ́ ẹja ni mò ń kọ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nínú ìwé ni Argulus. Bẹ́ẹ bá rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí nǹkan róbótó méjì nísàlẹ̀ ara rẹ̀ tó fi ń lẹ̀ mọ́ awọ, àti ẹnu ṣóńṣó kan láàárín tó fi ń gún ẹja. Ojú ọgbẹ́ tó bá dá sílẹ̀ ni àrùn mìíràn ń gbà wọlé. Nígbà mìíràn, ẹja tí iná ò pa, ọgbẹ́ yẹn ló ń pa á.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ bá a jà mọ̀ ni pé kì í yé ẹyin sára ẹja. Bí abo bá fẹ́ yé, á kúrò lára ẹja, á lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi tó bá le: òkúta, òpó igi, ẹ̀gbẹ́ sìmẹ́ǹtì, páìpù, ìsàlẹ̀ koríko líle. Ibẹ̀ ni á to ẹyin sí ní ìlà-ìlà, ẹyin yẹn á sì lẹ̀ pinpin. Nígbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó pa. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá jáde ò lè pẹ́ láyé láìrí ẹja gùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, á kú.

Nítorí náà, ẹni tó bá wẹ ẹja lónìí tó rò pé ó ti parí, á tún rí iná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wá máa sọ pé oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́. Oògùn ṣiṣẹ́ o. Àwọn tó wà lára ẹja ló pa, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú ẹyin. Òpó igi tí àwọn ẹja yín ń họ ara mọ́ yẹn, ẹ fà á yọ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Ìjùmú (Ìyàrà)

Mo ti fà á yọ. Ọ̀dọ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé, ìlà ẹyin wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kéré gan-an, àwọ̀ wọn sì ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí mo bá fi ọwọ́ lásán nù ún, kì í kúrò. Ọ̀bẹ ni mo fi ha á.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹnì kan lọ́jà sọ fún wa pé ká ro ìdérí òtapíápíá kan sínú pọ́ńdù, pé gbogbo kòkòrò á kú lójú ẹsẹ̀, pé ẹja kì í kú. Pọ́ńdù tápólíìnì lèmi ń lò. Ṣé òótọ́ ni?

Dókítà Ẹranko (Mọ̀pà)

Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Májèlé inú ìgò yẹn, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri inú ara ló ń bá jà. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kòkòrò, ó ń ṣe é fún ẹja, ó sì ń ṣe é fún èèyàn. Ìwọ̀n tó pa kòkòrò àti ìwọ̀n tó pa ẹja ò jìnnà síra, kò sì sí ẹni tó lè fi ìdérí ìgò wọn ìyàtọ̀ wọn. Ẹja tí kò bá kú ńkọ́? Ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ lẹ máa jẹ ẹ́. Omi tó o bá sì dà nù, inú odò ló ń lọ, níbi tí ẹlòmíràn ti ń pọn omi mímu. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kéékèèké irú oògùn yẹn lọ́jà nítorí jàǹbá tó ń ṣe nínú ilé lásán, ká má tíì sọ inú omi tí oúnjẹ wà.

Oògùn olómi aláwọ̀ ewé kan tún wà tí wọ́n ń pè ní malachite green. Ó ń pa olú tó ń hù lára ẹja lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti kà á léèwọ̀ fún ẹja jíjẹ, nítorí pé ó máa ń pẹ́ lára ẹja, ìbẹ̀rù sì wà pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tí ẹ lè lò wà. Àkọ́kọ́ ni iyọ̀, iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀, kì í ṣe kán-ún. Nínú báfù ni kí ẹ ti lò ó, ẹ má dà á sínú pọ́ńdù ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: pọ́ńdù tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà kan, lítà 50,000 ló gbà. Bẹ́ẹ bá ní kẹ́ ẹ fi gíráàmù kan péré sí lítà kan, odindi àpò iyọ̀ kílò 50 ló máa gbà, iyọ̀ yẹn á sì ba ilẹ̀ oko yín jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń da omi náà nù.

Nínú báfù, gíráàmù 10 fún lítà kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan, gíráàmù 250, ìyẹn ìdajì ọ̀rá iyọ̀ gíráàmù 500. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ yòrò tán kí ẹ tó gbé ẹja sí i. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 ló pọ̀ jù. Èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tàbí tó yí ikùn sókè, ẹ gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀ lọ sínú omi tó mọ́. Ẹja tó bá ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í lè fara da tó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ á mú kí lára àwọn iná yẹn já bọ́. Àwọn tó bá ṣoríkunkun, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú wọn, kí ẹ rọra tì wọ́n síwájú kí ẹ tó fà wọ́n, kí ẹnu wọn má bàa kù sínú awọ.

Ìkejì ni potassium permanganate, èyí tí omi rẹ̀ máa ń pọ́n bíi ti sóbò. Nínú pọ́ńdù, gíráàmù 2 fún lítà 1,000. Pọ́ńdù tápólíìnì tó jẹ́ mítà 4 sí mítà 3, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà kan, lítà 12,000 ni, gíráàmù 24 ló máa gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tàbí ti oníkẹ́míìsì. Ẹ má fi síbí fojú bù ú. Ẹ kọ́kọ́ pò ó sínú garawa, kí ẹ wá wọ́n ọn káàkiri ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ó yẹ kí omi ṣì pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ fún bíi wákàtí 8. Bó bá yára di àwọ̀ ilẹ̀, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí inú omi ló mu oògùn náà, kò dé ara kòkòrò. Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ nínú pọ́ńdù ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ má kàn máa dà á lé e lórí. Ẹ pààrọ̀ omi ná. Ẹ má sì jẹ́ kó pàdé formalin, oògùn olómi tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, láé, nítorí pé wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàmù.

Kò sí èyí tó pa ẹyin nínú méjèèjì. Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ Omi sọ nípa ẹyin, òun ni iṣẹ́ gan-an.

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ìsánlú)

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń ká ẹyin mọ́bi tó wà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibi líle ló ń wá láti yé sí, a máa ń wá ibi líle fún un. A ó gé pátákó pẹlẹbẹ tàbí àjákù páànù, a ó so okùn mọ́ ọn, a ó rì í sínú omi ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ́ńdù, níbi tí òjìji wà. A ó yọ gbogbo igi àti òkúta yòókù kúrò, kó má baà rí ibòmíràn yé sí. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ó fà á sókè, a ó fi ọ̀bẹ ha á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, a ó sá a sóòrùn títí á fi gbẹ koránkorán, kí a tó dá a padà. Ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bó bá pẹ́ nínú omi, ẹyin á pa síbẹ̀, á wá jẹ́ pé ilé la kọ́ fún wọn.

Bẹ́ẹ ṣe ń ṣe èyí ni kẹ́ ẹ tún máa wẹ àwọn ẹja níyọ̀ léraléra. Oṣù kan sí méjì ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn.

Bàbá Ọlọ́mọẹja (Kábà)

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ ẹja lèmi ń pa tà, ohun tó ń yọ wá lẹ́nu yàtọ̀. Ẹja tó ti tó àtẹ́lẹwọ́, kòkòrò á mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, ńṣe ni kòkòrò ń jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ẹni tó bá da ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ tó wá kó ọgọ́rùn-ún, á máa fẹ̀sùn kan olè tàbí kan ẹni tó ta ọmọ ẹja fún un.

Ọmọ lámilámi ló burú jù nínú wọn. Lámilámi tó ń fò lókè yẹn, inú omi ló ń yé ẹyin sí, inú omi náà ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ẹ gbé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ pọ́ńdù sínú abọ́ funfun, ẹ dúró jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí ohun kan tó dà bí ẹrẹ̀ tó lẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Kì í lé ẹran kiri. Á dúró síbi kan, bí ọmọ ẹja bá kọjá, ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ tó ká sábẹ́ orí á yọ jáde fìrì, á sì gbá ẹja mú. Ẹ bá mi jókòó tì í ná, ẹ ó rí i pé kì í ṣe kékeré.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbọ́ pé ká da epo díẹ̀ sójú omi, pé kòkòrò á rá. Òdodo wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kárí. Àwọn kòkòrò omi tó máa ń jáde wá mí lójú omi, epo á dí wọn lọ́nà, wọ́n á kú. Ọmọ lámilámi kì í wá sókè wá mí. Ìdí rẹ̀ ló fi ń fa omi sínú tó fi ń rí atẹ́gùn, epo ò kàn án. Ohun tó sì yẹ ká bẹ̀rù jù ni pé ẹja àrọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń jáde wá gba atẹ́gùn lójú omi. Bẹ́ẹ bá dà epo sí i nígbà tí ẹja wà nínú ẹ̀, ẹja yín lẹ ń dí nímú. Pọ́ńdù tí kò tíì sí ẹja nínú ẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, èmi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ohun tí mò ń ṣe rèé. Ẹ má ti omi sínú pọ́ńdù kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ ẹja tó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àwọn kòkòrò lẹ fi ṣe lálejò. Ẹ jẹ́ kó ku ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ tí omi bá ti wọ ibẹ̀, ẹ so etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu páìpù tí omi ń gbà wọlé, ẹ fi àwọ̀n tó há dí i, pàápàá bó bá jẹ́ omi odò. Ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ńkọ́? Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ lọ wo etí omi. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ máa ń gùn lọ bí okùn tí wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀ dúdú sí. Ẹ fi igi ká a jáde kí ó tó pa. Ọmọ rẹ̀ á bá ọmọ ẹja du oúnjẹ, àwọn àkèré kan tó ti dàgbà sì ń gbé ọmọ ẹja mì. Páànù tí ẹ bá fi yí pọ́ńdù ká, tó ga dé orúnkún tó sì rì sínú ilẹ̀ díẹ̀, á dá ọ̀pọ̀ wọn dúró.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́

Bàbá, ẹ ṣé, sà. Mo ti gbọ́ ti òtapíápíá, n ò ní fọwọ́ kàn án. Ewé dóńgóyárò ńkọ́? Ewé lásán ni.

Dókítà Ẹranko (Mọ̀pà)

Ewé náà lè jẹ́ májèlé. Dóńgóyárò ń pa kòkòrò nítorí pé ohun kíkorò wà nínú ẹ̀, bó bá sì pọ̀ nínú omi, á pa ẹja, ọmọ ẹja pàápàá. Kò sí bẹ́ẹ ṣe máa mọ bí ewé tẹ́ ẹ gún lónìí ṣe le tó sí ti àná. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tápólíìnì rọrùn jù pọ́ńdù ilẹ̀ lọ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lè kó ẹja sínú táǹkì, kí ẹ gbá omi dànù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ara rẹ̀ àti ìṣẹ́po rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ mélòó kan pa á, ẹyin á gbẹ. Èkúté ni kẹ́ ẹ ṣọ́ ní tiyín. Ẹ gé koríko tó yí i ká, ẹ má sì tọ́jú oúnjẹ ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí òórùn oúnjẹ yẹn ló ń pè wọ́n wá jẹ tápólíìnì lu.

Àgbẹ̀ Ejíbà

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀dọ̀ wa níbí, lẹ́bàá omi ìsédò Ọmì, eṣúṣú àti ìṣáwùrú ló ń bá wa fínra.

Eṣúṣú máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹja, mọ́ irùngbọ̀n àti ikùn. Ẹja tó bá ti ní mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dínkù, ibi pupa tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ á funfun. Ẹ má fi ọwọ́ fà á já. Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ á jábọ́. Láti dín wọn kù nínú omi, mo máa ń wá agolo tó ní ìdérí, màá fi ìṣó lù ú lójúlójú, màá fi ẹ̀dọ̀ màlúù tútù sínú rẹ̀, màá rì í sétí omi ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá di ìdájí, kẹ́ ẹ yára gbé e jáde. Òórùn ẹ̀jẹ̀ yẹn á ti kó wọn wọlé. Ẹ dà wọ́n sórí iyọ̀. Lemọ́lemọ́ lẹ ó máa ṣe é, nítorí pé ẹyin wọn wà nínú ẹrẹ̀ àti lábẹ́ òkúta.

Ìṣáwùrú, àwọn èèyàn rò pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Òun ni ilé àkọ́kọ́ fún aràn kan. Aràn yẹn á kúrò lára ìṣáwùrú, á wọ ara ẹja, á di kóró aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ awọ tàbí nínú ẹran. Ẹyẹ tó ń pẹja á wá jẹ ẹja, aràn á dàgbà lọ́fun ẹyẹ, ẹyin rẹ̀ á bọ́ padà sínú omi, á tún wọ ìṣáwùrú. Ẹja tí aràn yìí bá ti wọ̀, kò sí oògùn tó wúlò fún àgbẹ̀ bíi tiwa. Bẹ́ẹ bá sè é jinná, kò ní pa ẹni tó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá là á tó rí kóró yẹn kò ní padà wá. Ìṣáwùrú ni kẹ́ ẹ fà lọ́rùn: ẹ ro etí omi kó mọ́ féfé, nítorí ewé tó rì sómi ni ibùgbé rẹ̀, ẹ máa fọwọ́ ṣà á, ẹ ta okùn tàbí àwọ̀n sókè pọ́ńdù kí ẹyẹ má ríbi bà.

Ẹ wọ bàtà rọ́bà bẹ́ẹ bá ń ṣà á, ẹ jọ̀wọ́. Irú ìṣáwùrú kan wà láàárín wọn tó ń gbé àtọ̀sí ajá, inú omi ló sì ti ń gba awọ wọ ara èèyàn. Àwọn ọmọdé ni kẹ́ ẹ lé jìnnà sí omi yẹn jù.

Ọmọ Mọ̀pà

Ti ọyẹ́ ńkọ́? Lọ́dọọdún bí ọyẹ́ bá ti mú, àmì funfun á bo ara ọmọ ẹja mi, àfi bíi pé ẹnì kan wọ́n iyọ̀ lúúlúú sí wọn lára.

Akẹ́kọ̀ọ́ Omi (Kábà)

Ẹ̀gbọ́n, òun náà ò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn. Ich ni wọ́n ń pè é. Àmì funfun tí ẹ̀ ń rí, kòkòrò náà ti wọ abẹ́ awọ, oògùn ò lè débẹ̀. Á gbó, á já bọ́ sísàlẹ̀ omi, á pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n á wá máa lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja mìíràn. Ìgbà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ yẹn nìkan ni oògùn lè pa wọ́n. Bí omi bá tutù, gbogbo ìrìn yìí á falẹ̀, nítorí náà ìtọ́jú náà gbọ́dọ̀ pẹ́ jù ti ìgbà ooru lọ. Nínú táǹkì lítà 1,000, ẹ fi iyọ̀ kílò 2 sí i, ẹ jẹ́ kó wà nínú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ bá pààrọ̀ omi, ẹ fi iyọ̀ tó bá omi tuntun mu dípò. Ẹ gbá ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín. Ẹ bo táǹkì lálẹ́ kí omi má tutù jù.

Kí ẹnikẹ́ni tó pe nǹkan ní kòkòrò, kó kọ́kọ́ wo omi. Ẹja tí omi rẹ̀ ti bàjẹ́, tí ìgbẹ́ àti oúnjẹ rírà ti sọ di májèlé, òun náà máa ń họ ara, ó sì máa ń rọ̀ lójú omi. Ẹ pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi. Bí ara wọn bá balẹ̀ lọ́jọ́ kejì, omi ló ń ṣe wọ́n. Bí wọn ò bá yé họra, tí ẹ ò sì rí nǹkan kan lójú, ẹ gbé ẹja méjì tó ṣì wà láàyè nínú omi rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní máíkírósíkóòpù. Òkú ẹja kì í sọ nǹkan kan fún wa, torí pé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín yẹn máa ń fi òkú sílẹ̀ kíákíá. Ẹni tó bá wà nítòsí Kábà lè béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí ẹja omi dídùn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ náà wà ní New Bussa ní Ìpínlẹ̀ Niger, àwọn àgbẹ̀ sì máa ń kọ̀wé sí wọn.

Bàbá Ọlọ́mọẹja (Kábà)

Kí ẹ tó ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ èmi tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ní táǹkì ọ̀tọ̀ nílé. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni kí wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó bá àwọn ti tẹ́lẹ̀ pàdé. Omi inú ọ̀rá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé wọn wá, ẹ dà á sórí ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ pọ́ńdù. Kí pọ́ńdù kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀n tirẹ̀, bí ẹ ò bá sì ní ju ẹyọ kan lọ, ẹ rì í sínú omi iyọ̀, kí ẹ sá a gbẹ kí ó tó wọ òmíràn. Èmi tí mò ń tà á ló ń sọ ọ́ o.

Ọmọ Ìjùmú (Ìyàrà)

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti rì pátákó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyin sì ti ń wà lórí wọn. Àwọn ẹja ti padà sídìí oúnjẹ, mo ṣì ń rí iná lára díẹ̀ nínú wọn. Ìbéèrè mi tó kù: bí mo bá ta àwọn yìí tán, kí ni kí n ṣe sí pọ́ńdù kí n tó kó òmíràn sí i? Ṣé ẹni tó ra èyí tí mo wẹ̀ níyọ̀ lè jẹ ẹ́?

Dókítà Ẹranko (Mọ̀pà)

Iyọ̀ ò ní dá títà dúró. Ti permanganate, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan nínú omi tó mọ́ kí ẹ tó tà. Bó bá wá di pé oníṣègùn ẹran fún yín ní oògùn iná tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ, iye ọjọ́ tó bá kọ síwèé ni kẹ́ ẹ dúró, ẹ má dín in.

Nígbà tí ẹ bá tà wọ́n tán, ẹ fa omi gbẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ kó ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sóko, iṣu á fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ilẹ̀ rẹ̀ títí á fi sán. Ibi tí omi bá ṣì dá sí, tí kò gbẹ, ibẹ̀ ni eṣúṣú àti ẹyin máa sá sí. Ẹ da láìmù, ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n sun, síbẹ̀ dáadáa. Láìmù tí kò tíì mu omi, gíráàmù 100 sí 150 fún mítà kan lójú mẹ́rin: pọ́ńdù mítà 10 sí 5, kílò 5 sí 7 ààbọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo ojú àti imú, ẹ má fọ́n ọn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, nítorí ó ń jó awọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ti omi sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹja mẹ́ta, mẹ́rin dán an wò fún ọjọ́ kan. Ibi tí omi odò gbà wọlé lọ́jọ́sí, ẹ gbé ebè rẹ̀ ga kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ìsánlú)

Kí ẹ sì fa àwọn pátákó yẹn jáde kí ẹ dáná sun wọ́n. Ẹ má gbé wọn fún aládùúgbò.